Ohun Tí Akójọ Kó Wálé

Abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì, òwú funfun wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí abẹ́rẹ́ náà ń rán ni kò sẹ́ni tó rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tó gba àfiyèsí Pẹ̀lẹ́ nìyẹn nígbà tó wọ yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ti kọ tiwọn sílẹ̀: obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń tún ìwé àtijọ́ ṣe, já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní nǹkan bí aago mẹ́rin ni ẹ̀mí bọ́. Ọkọ rẹ̀ bá a nílẹ̀ ní aago márùn-ún. Gbólóhùn mẹ́ta, ó parí.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta kì í yó Pẹ̀lẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Orúkọ ìnagijẹ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé kò sí ẹni tí kì í kí ní "pẹ̀lẹ́", títí kan ẹni tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Àwọn ọ̀daràn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé bó bá kí ọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀wọ̀ ni. Bó bá kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, kó o yáa máa wá lọ́yà.

Ó yí tábìlì náà po. Ìkòkò gọ́ọ̀mù, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, abẹ́rẹ́. Àga méjì ló dojú kọra níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gbé èkejì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì ṣì hàn nínú eruku.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló jókòó síbí lánàá?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ọkọ ẹ̀ ní ìyàwó òun nìkan ló wà ní yàrá yìí látàárọ̀."

"Ẹni tó dá wà, kí ló fẹ́ fi àga méjì ṣe?"

Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó ti mọ ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkọ olóògbé wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, níbi tó ti máa ń ta ìwé àtijọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti há. Pẹ̀lẹ́ fa àga, ó jókòó tì í.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ wo ni ìyàwó yín ń ṣe lánàá?"

"Kò níṣẹ́ lọ́wọ́, mà. Ó kàn ń tún yàrá ṣe ni."

"Mo gbọ́ pé ó ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún ìwé ṣe."

"Ìyẹn ti kúrò ńlẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tó ti ní kí n bá òun tì í. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kà á, ó ti sú òun."

Sájẹ́ǹtì tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà sórí fóònù rẹ̀. Ojú ewé funfun báláú ló jáde, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

"Ṣé ó bá ẹnikẹ́ni jà?"

"Bàbá ẹ̀ nìkan." Ọkùnrin náà nu imú. "Ó ti di ọdún mẹ́ta. Bàbá yẹn le, mà. Ó búra pé òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́."

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn ló fún Pẹ̀lẹ́ ní nǹkan tó mú lọ. Ó ní olóògbé yọjú sí òun ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

"Ó ní bí bàbá àgbàlagbà kan tó ń tiro bá ń wá òun, kí n jọ̀ọ́ mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé."

"Ṣé bàbá náà wá?"

"Mi ò rí i. Àmọ́ mi ò lè búra o, mà. Orí oníbàárà ni mò ń wò, mi ò wo títì. Ẹni bá ń wo títì ló ń gé èèyàn létí."

Ó yẹ kí Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n àga kejì yẹn ti rí ẹni tó ni ín lọ́kàn rẹ̀.

Ìrìn ìdajì wákàtí ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà àti ilé bàbá olóògbé. Bàbá náà ń tiro lóòótọ́, orúnkún ọ̀tún. Òun náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ di ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì hàn nínú yàrá náà: kò sí ohun tó wọ́. Ìwé tò ní gígùn-gígùn, ṣíbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí, ìwé ìròyìn àná pàápàá ni wọ́n ká ní igun mẹ́rin gérégé. Bàbá kò sunkún. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, Bàbá?"

"Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì."

"Lórí fóònù ńkọ́?"

"Mo ti dí nọ́ńbà ẹ̀ pa."

"Kí ló dé?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Iṣẹ́ tí bàbá mi fi kọ́ mi, tí mo fi kọ́ ọ, òun ló ń tú ká sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bá a ṣe ń se gọ́ọ̀mù, bá a ṣe ń rán ẹ̀yìn ìwé. Àṣírí ilé wa! Mo ní kó yan ọ̀kan, èmi àbí ayé. Ó ní òun ò bímọ tóun máa kọ́, kí ayé wá kọ́ ọ. Mo sọ̀rọ̀ kan sí i lọ́jọ́ náà. Ẹyin lohùn, Ọ̀gá. Tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó."

Pẹ̀lẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti fẹ́ dìde nígbà tí bàbá náà gbójú sókè.

"Àtàǹpàkò ẹ̀ tó jó yẹn, ṣé ó ti ń jinná kó tó… ṣé ó ti jinná?"

Bírò dúró lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò òsì òkú náà lóòótọ́. Dókítà ní ọgbẹ́ iná ni, kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ.

"Bàbá, ọdún mẹ́ta lẹ ní ẹ rí i kẹ́yìn."

Bàbá tún igun ìwé ìròyìn àná náà ṣe.

"Níbo lẹ wà ní aago mẹ́rin lánàá?"

"Ibí."

"Ta ló rí yín?"

"Ta ló máa ń rí mi?"

Sájẹ́ǹtì ti rọra lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí: àga kejì, bàbá tó ń tiro, àtàǹpàkò tí kò yẹ kó mọ̀. Pẹ̀lẹ́ náà rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọmọ láti orí àtẹ̀gùn kì í tún béèrè bóyá ọgbẹ́ ọwọ́ ọmọ náà ti ń san. Ó wo ojú àgbàlagbà náà dáadáa. Ẹ̀rù kọ́ ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń tì yín lójú?"

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ṣí àpótí kan, ó gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì kan jáde tó fi awọ dì bí ẹni di ìwé iyebíye, ó sì gbé e lé Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ láìwò ó.

"Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ló tò ó fún mi. RSS ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní Akójọ. Ìkànnì tó o bá fẹ́ràn, wàá fún un ní àdírẹ́sì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ní wákàtí wákàtí, á lọ yí gbogbo wọn ká, á bá ọ kó ohun tó bá jẹ́ tuntun wálé, ìwọ á jókòó sójú kan máa kà á. O ò débẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé o kà á. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹ̀yin ń ka tọmọ yín."

"Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ló sọ pé gọ́ọ̀mù gbígbóná jó òun ní àtàǹpàkò." Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di nǹkan mìíràn. "Mo wá ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á rí i pé òun nìkan ni mò ń kà. Mo kó ogójì ìkànnì míì mọ́ ọn, kí tiẹ̀ lè sọnù sáàárín wọn. Ojú ọjọ́, àgbẹ̀, bọ́ọ̀lù. Èmi tí mi ò mọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù!"

Pẹ̀lẹ́ ti ń rò. Ọkọ ní ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ti ìkànnì náà, ohun tí ọmọ kọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí sì rèé. Ọkọ purọ́. Kí ló wà lórí ìkànnì tó fi gbọ́dọ̀ parẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí ẹni tó ni ín kú?

"Ìkànnì yẹn ò sí mọ́, Bàbá. Báwo lèyí ṣe wà níbí?"

"Ohun tí Akójọ bá ti kó wálé, kì í dá a padà. Ẹni tó ni ín ì báà dáná sun tiẹ̀, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ṣí tiẹ̀ nìkan fún mi."

Bàbá tẹ orúkọ ìkànnì náà. Ó ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò wà lókè, ìyẹn ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wà lókè. Ọ̀kan wà lórí rẹ̀: Ọjọ́bọ̀, ó jáde ní ogójì ìṣẹ́jú kọjá aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Akójọ kó o wálé ní aago mẹ́wàá géérégé. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bíi ti àwọn tó kù tí wọ́n ti kà.

"Mi ò rí èyí rí," Bàbá sọ.

"Ó wà lára àwọn tẹ́ ẹ ti kà."

"Mo ní mi ò rí i rí!"

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Pẹ̀lẹ́ rí i bó ṣe ń rántí, ì bá sì fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun kó má tíì rí i. "Àná," Bàbá rọra sọ. "Ní aago mọ́kànlá. Àwọn tí mi ò tíì kà ti di igba ó lé mẹ́rin. Mi ò lè jókòó ti nǹkan tó kóra jọ gègèrè báyẹn. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ á fi di kíkà láìṣí ọ̀kan nínú wọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni, mo mọ̀ pé tiẹ̀ ò lè sí níbẹ̀. Ọ̀gá, kí ló kọ? Ojú mi ò ríran dáadáa báyìí. Bá mi kà á."

Pẹ̀lẹ́ kà á sókè.

"'Ẹ̀yin oníbàárà wa, wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ìwé máàpù tí mò ń tún ṣe lọ́wọ́, bàbá mi ló dì í ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Bàbá mi kì í fi gọ́ọ̀mù mú máàpù, ó máa ń rán an ni. Mẹ́fà nínú àwọn tó wà nínú ìwé yìí ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ayédèrú ni wọ́n. Mo rí ojúlówó wọn nínú àpótí ọkọ mi, pẹ̀lú ti àwọn ìwé mìíràn. Àwòrán wọn rèé.'"

Ìpínrọ̀ kan ṣẹ́kù. Pẹ̀lẹ́ fojú nìkan kà á.

"Ó tán?" Bàbá béèrè.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ mú ẹni tó ṣe é. Màá padà wá kà á fún yín."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ ń kó ìwé sínú páálí nígbà tí Pẹ̀lẹ́ wọlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó kí i lẹ́ẹ̀kejì. "Àtàǹpàkò ìyàwó yín, kí ló ṣe é?"

"Gọ́ọ̀mù ló jó o, mà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ó kọ ọ́ sórí ìkànnì ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà."

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá ní irọ́ ni, ìkànnì ti wà ní títì. Ohun tí ọkùnrin yìí sọ ni pé, "Ta ló kà á?"

Pẹ̀lẹ́ tẹ́ àwọn ojú ewé tó ti ní kí wọ́n tẹ̀ jáde sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàpù mẹ́fà. Àpótí. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé wọn.

"Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tó fi wà níbẹ̀!" Ọkùnrin náà ti gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Mo pa á rẹ́! Mo yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, kò sẹ́ni tó rí i!"

"Ogún ìṣẹ́jú péré ni ẹ̀rọ kan nílò."

Ó wó sórí páálí ìwé rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ pa á. Látàárọ̀ lòun ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé ìwé náà fún òun, kó jẹ́ káwọn yanjú ẹ̀ nínú ilé. "Ó ní òun ń dúró de bàbá òun. Bàbá tí kì í gbé fóònù ẹ̀! Mo ní kò ní wá. Ó ní á wá. Ní aago mẹ́rin ni mo fẹ́ gbà á, ó gbá ìwé náà mọ́yà, ó ń sá lọ sókè. Mo fà á…"

Abẹ́ ìdọ̀tí bébà ní yàrá òkè ni Sájẹ́ǹtì ti rí ìwé náà. Ọwọ́ tẹ ọ̀daràn, ó sì yẹ kí inú Pẹ̀lẹ́ dùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó sùn lóru ọjọ́ Ẹtì yẹn bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù sórí.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó padà sí ilé bàbá náà pẹ̀lú ìwé ìjẹ́rìí tí bàbá yóò fọwọ́ sí. Ó ṣàlàyé pé Akójọ ni yóò jẹ́rìí nílé ẹjọ́: wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà dé, àti ibi tó wà látìgbà náà. Bàbá gbọ́ ọ dópin.

"Ìpínrọ̀ tó kù," ó ní. "O ní wàá kà á."

Pẹ̀lẹ́ kò sá. Ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó kà á.

"'Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ kì í ka tèmi. Bí ẹnì kan tó mọ̀ yín bá rí èyí, kó jọ̀ọ́ sọ fún yín pé mo nílò ojú yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dúró níwájú adájọ́ kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ nìyí. Mi ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Mo ti gbé àga yín sídìí tábìlì. Ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, nítorí orúnkún yín.'"

Bàbá ń fi àtàǹpàkò ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Aago mẹ́wàá ló dé ọwọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Aago mẹ́rin ló kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdajì wákàtí ni ẹlòmíì fi ń rìn débẹ̀. Èmi, ká ní wákàtí kan." Ó ka ìka kan sí i, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà wálẹ̀. "Ǹ bá ti débẹ̀. Orúnkún yìí ì báà bú kó ya, ǹ bá débẹ̀."

Omi ń dà lójú rẹ̀ nígbà yìí, kò sì nù ún. Pẹ̀lẹ́ náà ń sunkún, ọlọ́pàá tàbí kì í ṣe ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì wù ú rí láti yọ òtítọ́ kúrò nínú ìwé ìjọba bí ti àárọ̀ yẹn.

"Bàbá, mo lè kọ ọ́ pé ó dé ní aago mẹ́wàá, kí n fi mọ síbẹ̀. Kò pọn dandan kí n kọ ti bọ́tìnì."

"Kọ ọ́."

"Gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ ní kọ́ọ̀tù."

"Kọ ọ́ pé ó dé ọwọ́ mi, mi ò sì kà á. Ọdún mẹ́ta ni mo fi purọ́ pé mi kì í ka tọmọ mi. Mi ò wá ní purọ́ báyìí pé mo kà á."

Pẹ̀lẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bàbá fọwọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ tò bíi ti ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn náà, ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó ń fìka wá nǹkan kiri lábẹ́ ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Ó fà á sókè. Ó fà á sísàlẹ̀. Ó tẹ ibì kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "níbo ni wọ́n ti ń fèsì?"

Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Kò sí ibi èsì níbẹ̀, Bàbá. Kíkà nìkan ni wọ́n ṣe é fún."

Bàbá ní kò burú. Ó ní kó bá òun kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Pẹ̀lẹ́ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.